Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti di àtúnbí, kí ló dé tí mo ṣì wà lójú kan?

Onírẹsì Mushin:

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, mi ò kì í dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti January, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín bóyá ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá máa lè bá mi sọ nǹkan kan.

2014 ni mo fi ayé mi fún Jésù, níbi ìpàdé ìta gbangba kan ládùúgbò wa ní Mushin níbí. Lásìkò yẹn, mi ò lè sùn kí n má ka Bíbélì, tí mo bá ta jí lóru orin ló máa wà lẹ́nu mi. Mo dìde lọ bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tí a ò ti bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta, mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì, ẹnikẹ́ni ò sì rán mi. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń rí i pé nǹkan kan ń yí pa dà nínú mi.

Ní báyìí mo wà nínú kúáyà, mo wà nínú àwọn tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, Túsìdeè ẹ̀kọ́ Bíbélì, Tọ́sìdeè ìpàdé àdúrà, Fúráìdeè tó gbẹ̀yìn oṣù ìṣọ́ òru, mi ò kì í pa ọ̀kankan jẹ. Ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, mo gbà á pé. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, ojú kan náà ni mo wà. Tí mo bá kúnlẹ̀ láago márùn-ún ìdájí, kí n tó sọ gbólóhùn mẹ́ta oorun ti gbé mi lọ. Bíbélì tí mo ní kí n kà tán lọ́dún kan, ọdún kẹrin rèé, ìwé Númérì ló máa ń dá mi dúró, mo máa ka Jẹ́nẹ́sísì, mo máa ka Ẹ́kísódù, Léfítíkù á bẹ̀rẹ̀ sí í nira, tó bá wá di Númérì tí wọ́n ń ka àwọn èèyàn ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, mo ti pa á dé nìyẹn. Ìbínú mi náà ò dín. Obìnrin tó wà ní yàrá kejì sí tiwa, torí ọ̀rọ̀ mítà iná, a kì í kí ara wa láàárọ̀ mọ́, èmi tí mo máa ń kọrin ní Sọ́ńdè.

Ìbéèrè mi ni pé kí ni mo lè ṣe tí inú Ọlọ́run á fi dùn sí mi, tí màá sì tún máa dàgbà bíi ti ìgbà yẹn? Ṣé kí n wá ṣọ́ọ̀ṣì míì ni? Ẹ dákun, kí ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n máa gbàdúrà. Mo ń gbàdúrà.


Ajàgùn Àdúrà, Ketu:

Arábìnrin, àlàáfíà fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ ní ká má sọ ọ́ ṣùgbọ́n mi ò lè má sọ ọ́. Oorun tó ń gbé yín lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, ẹ má fi ojú kékeré wò ó. Nínú ọgbà Gẹtisémánì, Jésù bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ tí wọ́n ń sùn, ó ní kí wọ́n máa ṣọ́nà kí wọ́n máa gbàdúrà kí wọ́n má bàa bọ́ sínú ìdánwò, kò tíì pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ tí Pétérù fi sẹ́ ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ tún lọ ka Ìfihàn orí 2, ìjọ Éfésù, wọ́n ní iṣẹ́, wọ́n ní sùúrù, wọn ò gba ẹlẹ́kọ̀ọ́ èké láyè, síbẹ̀ Olúwa ní òun ní nǹkan kan sí wọn, wọ́n ti fi ìfẹ́ ìṣáájú sílẹ̀. Ohun tó sì ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n rántí ibi tí wọ́n ti ṣubú, kí wọ́n ronú pìwà dà, kí wọ́n pa dà ṣe iṣẹ́ ìṣáájú.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa dìde láago méjìlá òru dé aago mẹ́ta. Ẹ bi Olúwa léèrè ibi tí ẹ ti ṣubú. Ó máa sọ ọ́.


Ìyá Ìbejì, Bàrígà:

Ọmọ mi, mo kí ẹ. Arákùnrin tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, Ọlọ́run á bù kún yín, ohun tí ẹ sọ nípa Éfésù yẹn dára, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dìde láago márùn-ún, tó ń lọ sọ́jà, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, tó tún ń se oúnjẹ ilé, tí ẹ wá ní kó máa jí láago méjìlá òru, ara ló máa kọ́kọ́ dá a dúró. Nígbà tí àárẹ̀ mú Èlíjà débi tó fi ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, abẹ́ igi ló sùn sí. Áńgẹ́lì ò bá a wí. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní dìde kí o jẹun. Èlíjà jẹun, ó tún sùn, áńgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó ní jẹun, ọ̀nà jìn. Ó wà nínú 1 Àwọn Ọba 19. Oorun mìíràn ń bẹ tó jẹ́ pé àárẹ̀ lásán ni, Ọlọ́run tó dá ara náà mọ̀.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi jẹ́ tíṣà, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ohun tí mo rí lára àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń rí lára àwa onígbàgbọ́ náà. Ọmọ tó bá ń dàgbà kì í mọ̀. Ìyá ẹ̀ ló máa mọ̀, torí ṣòkòtò ò dé ilẹ̀ mọ́. Jésù ní ìjọba Ọlọ́run dà bí ọkùnrin tó fọ́n irúgbìn, ó ń sùn lóru ó ń jí lọ́sàn-án, irúgbìn ń hù, ó ń ga sí i, òun gan-an ò mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Máàkù 4 ni. Nítorí náà ẹ̀rí pé o ò rí i ò tíì tó láti sọ pé kò sí.

Lórí kíka Bíbélì: ta ló ní dandan ni kí o kà á tán lọ́dún kan? Orí 1,189 ni, ó ju orí mẹ́ta lọ lóòjọ́, ìyá ọlọ́jà wo ló ráyè yẹn? Bíbélì Yorùbá tí a ń kà yìí, ìwé Róòmù tí Àjàyí Crowther túmọ̀ jáde ní 1850, odindi Bíbélì ò pé títí di 1884. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọmọ mi. Mú Sáàmù 119, ẹsẹ 176 ló ní, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà méjìlélógún, ẹsẹ mẹ́jọ mẹ́jọ. Ka mẹ́jọ lóòjọ́. Ẹsẹ tó bá dún sí ẹ létí nínú mẹ́jọ yẹn, kọ ọ́ sínú pépà, fi pépà náà há ìdí ìró ẹ, kí o máa wò ó bí o ṣe ń tajà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí bàbá àwọn ìbejì kú, tí mi ò lè gbàdúrà rárá, àní mi ò lè la ẹnu, ẹsẹ mẹ́jọ yẹn ló gbé mi dúró.


Ọmọ Akọ́kà:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Nǹkan méjì péré.

Èkíní, nígbà tí Jésù ṣe ìrìbọmi, tí Bàbá sọ̀rọ̀ láti ọ̀run pé ìwọ ni àyànfẹ́ Ọmọ mi, inú mi dùn sí ẹ gidigidi, Jésù ò tíì ṣe iṣẹ́ ìyanu kankan, kò tíì wàásù. Bí ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, Násárẹ́tì ló ti ń bọ̀, nídìí iṣẹ́ káfíńtà. Inú Bàbá ti dùn sí i kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ń san gbèsè.

Èkejì, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, mo rí i pé gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń ṣẹlẹ̀, àfi ti mítà iná. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Tí a bá ní ṣọ́ọ̀ṣì gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọjà á gba bí àádọ́rin. Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa àádọ́rin yẹn. Ẹ dárí jì mí tí mo bá ti kọjá àyè mi, àbúrò yín ni mí, ṣùgbọ́n báwo ni ọjọ́ yín ṣe ń lọ níbi ìsọ̀?


Onírẹsì Mushin:

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an mà, mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ mẹ́jọ yẹn.

Ọmọ Akọ́kà, láti àná tí o ti bi mí ni mi ò ti lè jẹun dáadáa. Mo kọ ìdáhùn, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí n tó tún sá.

Ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí ni mò ń tà. Kóńgò tí mo fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà, wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú. Bí mo ṣe rà á nìyẹn, ẹni tó ń tà á á bi ẹ́ ni, ṣé ti lílù lo fẹ́ àbí ti dọ́gba. Tí èèyàn bá wò ó látòkè kò lè mọ̀. Àpò ìrẹsì kan tó yẹ kó jẹ́ bíi kóńgò mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàdínlógójì ló máa ń jáde lọ́wọ́ mi. Ibi tí èrè mi wà nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ tó ń kó ẹrù wá fún mi láti Daleko ti di nǹkan míì, owó ilé ìwé ọmọ, owó ìsọ̀, gbogbo ẹ̀ ni mò ń kó lé kóńgò yẹn lórí.

Mo mọ̀ pé kò dáa. Ẹ mọ bí mo ṣe mọ̀ pé mo mọ̀? Mo ní kóńgò kejì lábẹ́ tábìlì, ìyẹn ò ní lílù. Tí ará ṣọ́ọ̀ṣì wa bá wá rajà, ìyẹn ni mo máa fi wọ̀n ọ́n fún un. Ìyàwó pásítọ̀, ìyẹn ni. Ẹni tí mi ò mọ̀, òkè tábìlì. Lẹ́yìn tí mo bá wọ̀n ọ́n tán, màá wá fọwọ́ bu èènì lé e lórí, oníbàárà á máa súre fún mi, á ní ìyá wa ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ara ohun tí mo ti yọ nínú tiwọn náà ni mò ń bù fún wọn ní èènì.

Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, ọkọ mi pàápàá ò mọ̀. Mo rò pé Ọlọ́run mọ̀ pé nǹkan le ni. Gbogbo ìlà wa ló ń ṣe é, tí mo bá dá lo tó pé, owó tèmi máa ga, wọ́n á kọjá sí ìsọ̀ kejì. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Ẹ má bínú sí mi.


Bàbá Ìsàlẹ̀ Èkó:

Àbúrò mi, kò sẹ́ni tó máa bínú sí ẹ níbí. Ó gba ìgboyà láti kọ ohun tí o kọ yẹn. Mi ò kì í sábà kọ nǹkan gígùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tèmi ni, jẹ́ kí n jókòó tì í.

Mo ta ìrẹsì àti ṣúgà ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí fún ọdún mọ́kànlélógún. Tèmi kì í ṣe kóńgò, àpò ni. Tí a bá já ẹrù tán, lálẹ́ tí ọjà bá ti pa rọ́rọ́, màá tú ẹnu àpò, màá bu díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá tún un rán pẹ̀lú òwú tó jọ ti ilé iṣẹ́. Nínú àpò méjìlá sí mẹ́tàlá, màá rí odindi àpò kan. Díákónì ni mí nígbà yẹn, èmi ni wọ́n máa ń ní kó bá wọn ka owó ọrẹ, torí wọ́n ní olóòótọ́ ni mí. Mi ò sì jí kọ́bọ̀ nínú owó ọrẹ rí. Ohun tó ń tàn mí jẹ gan-an nìyẹn.

Kì í ṣe ìwàásù ló mú mi. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ kan, iná ti lọ, ó rí mi pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àpò lọ́wọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí n bá yín di tọ́ọ̀ṣì mú." Ó dì í mú fún mi, ó tan iná sí ibi tí mo ti ń rán an, ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n. Mi ò lè rán àpò yẹn tán. Mo ní ká máa lọ sílé.

Òru yẹn ni mo ṣí Ámósì. Ọlọ́run ní òun gbọ́ ohun tí àwọn ọlọ́jà ń sọ sínú, wọ́n ń sọ pé ìgbà wo ni Ọjọ́ Ìsinmi máa parí ká lè ṣí ọkà tà, ká lè sọ ẹ́fà di kékeré. Orí 8, ẹsẹ 5. Ẹ́fà ni wọ́n fi ń wọn ọkà. Kóńgò wọn nìyẹn, àbúrò mi. Àwọn èèyàn yẹn ń pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́ o, wọn ò tà, wọn ò rà, wọ́n jókòó, wọ́n ń retí kó parí kí wọ́n lè pa dà sídìí kóńgò lílù. Mo rí ara mi níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù díákónì mi.

Ti kóńgò méjì tí o sọ, ìwọ àti kóńgò abẹ́ tábìlì, Diutarónómì 25 ti dárúkọ ẹ̀, ó ní o ò gbọdọ̀ ní oríṣi òṣùwọ̀n méjì nílé ẹ, ńlá àti kékeré. Kò sọ pé lo ńlá fún àwọn èèyàn ẹ. Ìyàwó pásítọ̀ tó ń rí ti ńlá gbà yẹn, ó ṣeé ṣe kó ní owó ju ẹni tó ń rí ti kékeré gbà lọ.

O béèrè ohun tó ń dùn mọ́ Ọlọ́run. Òwe 11 ẹsẹ 1 dá ẹ lóhùn tààrà, ó ní òṣùwọ̀n èké, ìrira ni lójú Olúwa, ṣùgbọ́n ìwọ̀n òtítọ́ ni dídùn inú rẹ̀. Dídùn inú rẹ̀, àbúrò mi. Mo ti ka ẹsẹ yẹn fún ọmọ iléèwé Sọ́ńdè àìmọye ìgbà, mi ò gbọ́ ọ rí. Mo rò pé orin àti ààwẹ̀ nìkan ló máa ń dùn mọ́ ọn nínú. Nígbà tí o bá gbé kóńgò tó dọ́gba jáde fún àlejò tí o ò mọ̀, tí kò sì sẹ́ni tó ń wò ẹ́, inú Ọlọ́run dùn nídìí ìsọ̀ ẹ níbẹ̀ yẹn, ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè.

Báyìí ni mo ṣe ṣe é. Ìwé Númérì tó máa ń dá ẹ dúró yẹn, orí mẹ́rin àkọ́kọ́ ló ń ka iye èèyàn, orí karùn-ún lo ò tíì dé. Ẹsẹ 6 sí 8, ó ní ẹni tó bá ṣe ẹlòmíì báyìí, kó jẹ́wọ́, kó dá ojú owó pa dà, kó fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. Tí ẹni tó yẹ kó gbà á ò bá sí mọ́, tí kò sì sí ìbátan ẹ̀, kó di ti Olúwa. Mo jókòó, mo ṣírò. Àwọn oníbàárà tí mo mọ̀ tí wọ́n ń ra àpò lọ́wọ́ mi déédéé, méje ni. Mo lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan bú mi níwájú àwọn ọmọ ẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹnì kan sunkún. Màmá kan tó ń se oúnjẹ tà ní Ọbáléndé ní òun ti mọ̀ tipẹ́, òun kàn ń rà á lọ́wọ́ mi torí àwọn yòókù náà ń ṣe é. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ilẹ̀ tí mo rà ní Ìkòròdú ni mo tà láti fi san án, ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún bí oṣù méjì, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ti àwọn tí mi ò mọ̀, mo fi ra oúnjẹ fún àwọn opó tó wà nítòsí wa, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n dárúkọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ipò díákónì, mo kọ̀wé fi sílẹ̀.

Àwọn kan á sọ fún ẹ pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ti nù ún, kí lo tún fẹ́ san. Òótọ́ ni, ó ti nù ún, o ò lè fi ìrẹsì ra ìdáríjì. Ṣùgbọ́n wo Sákéù, agbowó orí inú Lúùkù 19. Jésù ló kọ́kọ́ ní òun máa dé sílé ẹ̀. Ó ti gbà á kó tó dìde dúró sọ pé òun máa san án pa dà ní ìlọ́po mẹ́rin. Má ṣe é kí Ọlọ́run lè gbà ẹ́. Ó ti gbà ẹ́ láti 2014.

Ti ọjà: ra kóńgò tí wọn ò lu. Fi wọn ìrẹsì, gbé e lé ìwọ̀n oníkílò, kọ iye kílò ẹ̀ sára páálí, gbé e kọ́ síwájú ìsọ̀. Owó tí o máa dá lé e máa ga ju ti aládùúgbò ẹ, sọ ìdí ẹ̀ fún ẹni tó bá bi ẹ́, má bú ẹnikẹ́ni nínú ìlà yín. Kóńgò lílù yẹn, má tà á, má fún ẹnikẹ́ni, jẹ́ kí wọ́n fi òòlù tẹ̀ ẹ́ pa. Sọ fún ọkọ ẹ kí o tó ṣe nǹkan kan.

Ti oorun orí àdúrà, ó ṣì máa ń gbé èmi náà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú àdúrà tí mo máa ń yà fún tẹ́lẹ̀, mi ò kì í fẹ́ dé ibẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá jẹ ẹnì kan lówó tí kò wá fẹ́ gba àdúgbò ẹ̀ kọjá. Mi ò yà fún ibẹ̀ mọ́.


Ajàgùn Àdúrà, Ketu:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Arábìnrin, ẹ forí jì mí, mo sáré sọ̀rọ̀, mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín kí n tó ní kí ẹ máa jí lóru. Mo ṣì gbà pé Olúwa máa ń fi ibi tí èèyàn ti ṣubú hàn án, ó sì jọ pé ó ti fi hàn. Dírẹ́bà ni mí, ọ̀nà Ojota sí CMS, ọ̀rọ̀ ṣéńjì tí mo máa ń sọ fún èrò pé kò sí nígbà tó wà lápò mi, láti òwúrọ̀ ló ti ń dún létí mi. Mò ń gbàdúrà fún yín, ẹ gbàdúrà fún mi.


Onírẹsì Mushin:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo ti kọ̀wé kẹ́yìn, mo ní kí n má kàn dákẹ́.

Mo sọ fún ọkọ mi. Kò pariwo. Ó dákẹ́ títí, ó wá bi mí pé ìrẹsì tí à ń jẹ nílé ńkọ́, kóńgò wo ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Mi ò lè dáhùn. Ọjọ́ kejì òun fúnra ẹ̀ ló mú òòlù.

Mo ra méjì tuntun tí wọn ò lu. Mo gbé páálí kọ́ bí Bàbá ṣe sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àpò méjì péré ni mo tà lọ́sẹ̀, mẹ́rin ni mo máa ń tà tẹ́lẹ̀. Àwọn ará ìlà wa ní mo fẹ́ ba ọjà jẹ́ fún wọn, ẹnì kan ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọbìnrin kékeré kan tí ìyá ẹ̀ máa ń rán wá, ó ra kóńgò méjì lọ, kò pẹ́ ó tún pa dà dé pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́, ó ní, "Màmá mi ní kí n dá a pa dà fún yín, wọ́n ní ẹ ti ṣì í wọ̀n, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Ẹ̀yin ará, mo jókòó sórí àpò, mo sunkún níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní kó lọ sọ fún ìyá ẹ̀ pé mi ò ṣì í wọ̀n, ti tẹ́lẹ̀ ni mo ṣì. Ìyá náà wá fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, a jọ sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń rajà lọ́wọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ta àpò mẹ́ta.

Ìyá yàrá kejì, mo kí i láàárọ̀, kò dáhùn, mo tún kí i lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta ló dáhùn. Mo ti kọjá Númérì 5, mo ti dé 14. Mo ṣì ń sùn lórí àdúrà nígbà míì, ṣùgbọ́n níbi ìsọ̀, tí mo bá ń wọn ìrẹsì báyìí, mo máa ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láì gbé ohùn sókè, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é, pẹ̀lú nǹkan tó wà lọ́wọ́ mi.

Ó ku ẹnì kan. Opó ni, ọmọ mẹ́rin, ìyá ọkọ ẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀. Kóńgò mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọdún méjì gbáko, kò sọ̀sẹ̀ kan tí kò wá. Mo ti ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú ìdá kan nínú márùn-ún yẹn, ó jẹ́ àpò kan àti kóńgò méje. Àpò náà wà nílẹ̀, mo ti rà á, mi ò tú u. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ojú ọ̀nà ilé ẹ̀ tí mo pa dà. Ó máa ń pè mí ní ìyá rere. Kí ni mo máa kọ́kọ́ sọ?


Ìyá Ìbejì, Bàrígà:

Ọmọ mi, sọ orúkọ ohun tí o ṣe kí o tó sọ ìdí tí o fi ṣe é. Tí kò bá sì béèrè ìdí, má sọ ọ́.

Mo ti fi nọ́ńbà fóònù mi ránṣẹ́ sí ẹ ní kọ̀rọ̀. Lọ́la mi ò ní nǹkan tí mò ń ṣe, màá wọ ọkọ̀ láti Bàrígà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, wá pàdé mi ní Ojúwòyè. Wá ẹni tó máa bá wa ru àpò náà. Tí a bá dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀, màá dúró níta, ìwọ lo máa wọlé.